AGBÁRA Ọ̀RỌ̀ ẸNU NÍNÚ ÌGBÉSÍ AYÉ ONÍGBÀGBỌ́

Ní ọjọ́ ayọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ìyẹn ni ohun tí ń ti ẹnu wa jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ àwa Aládùúrà. Ní ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí P.W.D. fi ń tẹ ọ̀nà, nígbà tí ó gbọ́ ohùn tí ó pè é sí iṣẹ́ Olúwa. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbé omi wá fún un. Kò sí egbòogi kankan nínú omi náà. Àdúrà tí a gbà sí i ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e padà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá lè gbé ènìyàn dìde, ó lè gbé ènìyàn ṣubú pẹ̀lú. Ní ọdún 1932, ìjọba àmúnisìn sọ Babalọlá fúnra rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àwọn tí a pè ní àjẹ́. Inúnibíni ni àwọn baba wa pe ẹ̀wọ̀n náà, àwa kò sì fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá lónìí. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, “àjẹ́”, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu lásán gbé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ojú wa rí. Nínú ìpàdé àdúrà kan, ìríran jáde pé ọwọ́ ìyá àgbà inú ilé ló wà nínú àìsàn ọmọ kan. Gbogbo wa la ṣe “Àmín!” A tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ìyá yìí kò gbé oúnjẹ fún un mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, SS ni. AS ni bàbá, AS ni ìyá. Láti ara àwọn méjèèjì ni àìsàn náà ti wá!

A lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ Màmá. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá gbogbo àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́?”

A kò rí èsì fọ̀. Èyí tí a kọ sínú ìwé, a fi gègé fa ìlà lé e lórí, ó parí. Èyí tí a fi ẹnu sọ ńkọ́? Ẹyin lohùn.

Àwọn baba wa Ìjẹ̀ṣà a máa ta aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, Òṣómàáló á dé, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, kò sì ní dìde àfi bó bá gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu rí. Àwìn ni a ń sọ ọ́, yóò padà wá gba owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin aríran, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba, ẹ mú ìran náà tọ àwọn àgbà ìjọ lọ ná. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe “Àmín” sí ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ yé. Bí a bá sì ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba, gbangba náà ni kí a ti tọrọ àforíjì. Kí ẹnu tó ń súre fún omi ní òwúrọ̀ má ṣe ba ilé ènìyàn jẹ́ ní alẹ́.

Kí Olúwa fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu gbogbo wa. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ní orúkọ Jésù. Àmín.