Ṣé Ká Lu Orí Amọ̀ Náà?

Láti ọjọ́ tí mo ti wo àwọn ère Nok ní mùsíọ́mù Kàdúná níbí ni ìbéèrè kan ti ń jà lọ́kàn mi: bí ohun kan bá ṣọ̀wọ́n, ṣé ó tọ́ ká dá a lára nítorí ká lè mọ àṣírí rẹ̀?

Ẹ wo orí Jemaa. Wọ́n ti gbé e kọ́ igi nínú oko iṣu láti fi lé ẹyẹ (ojú àwọn ẹyẹ yẹn á ti rí nǹkan!) kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg ní 1943. Láti mọ ọjọ́ orí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń lu ihò kékeré sí i, wọ́n á gba ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n á mú un gbóná. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ ló ń sọ ìgbà tí iná jó o kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ihò náà kò ní padà di amọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́.

Arákùnrin kan sọ fún mi pé ohun tí Ọlọ́run bá pa mọ́, ká fi sílẹ̀. Òwe 25:2 kò jẹ́ kí n gbà fún un, torí ó ka ìwádìí sí ọlá fún àwọn ọba. Èmi á ní kí wọ́n lu ú, nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò ní tètè rí, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

Àmọ́ èyí tí olè hú ńkọ́? Ilẹ̀ tó yí i ká, tí ì bá sọ ìtàn rẹ̀, ti dàrú. Ẹni tó fẹ́ tà á ló ń wá ọjọ́ orí rẹ̀, kí owó lè gun orí i. Ìyẹn, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.