Oyún Ṣíṣẹ́: Ibi Tí Agbára Òfin Mọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí, a kì í sábà sọ ọ́ lórí mínbárì. Ẹ̀yìn ilé ni a ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó sì ń pa àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni. Àwọn kan ní kí ìjọba mú òfin rẹ̀ le sí i; àwọn mìíràn ní kí ìjọba dẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tiwa ni pé, kí ni òfin lè ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibo sì ni agbára rẹ̀ mọ?

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí ná. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti apá Gúúsù, tí ó ti wà láti 1916, ẹni tí ó bá obìnrin ṣẹ́ oyún lè lọ sẹ́wọ̀n tí ó tó ọdún 14. Obìnrin tí ó ṣẹ́ tirẹ̀, ọdún 7. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní oògùn rẹ̀, ọdún 3. Òfin kan náà ní dókítà tí ó fi òótọ́ inú àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi.

Wọ́n ti gbìyànjú láti yí i padà. Ní 1981, wọ́n gbé àbá lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, àbá náà kò yè. Ní Imo tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín, wọ́n ṣe òfin tí ó fún obìnrin tí wọ́n fipá bá lò láyè. Àwọn ìjọ Kátólíìkì pariwo, wọ́n sì fagi lé e ní 2013. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde láti la ohun tí òfin Èkó ti gbà tẹ́lẹ̀ yé àwọn dókítà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gómìnà fi dá a dúró, nítorí ariwo Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́ẹ́nì. Ìlànà náà kò fi ohun tuntun kún òfin. Ariwo wa kò gba ọmọ kankan là, ó kàn fi dókítà tí ń bẹ̀rù sílẹ̀ nínú ìbẹ̀rù rẹ̀ ni.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Nínú Súrà Al-Isrá', Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì. Nínú hádíìsì tí Ibn Mas'ud gbà wá, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, ogójì ọjọ́ lọ́nà mẹ́ta ni oyún ń gbà kí a tó fẹ́ ẹ̀mí sí i. Láti ìgbà náà lọ, àwọn onímọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé èèwọ̀ ni láti fọwọ́ kàn án. Àwọn onímọ̀ òde òní yọ ìgbà tí oyún náà bá fẹ́ gba ẹ̀mí ìyá sílẹ̀. Ṣáájú 120 ọjọ́, ìyàtọ̀ wà láàrin wọn. Ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì tí a ń kọ́ ní ilé kéú le jù. Àwọn kan nínú ọ̀nà Hánáfì gbà á bí ìdí pàtàkì bá wà. Ní 1990, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ní Mẹ́kà gbà á ṣáájú 120 ọjọ́ bí àwọn dókítà bá jẹ́rìí pé oyún náà ní àbùkù tí kò ní àtúnṣe.

Nípa ti ìyá, àwọn baba wa pàápàá ti dá ẹjọ́ náà. Bí a bá ń ṣàdúà fún aboyún, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ti ọmọ ni a ń wí. Ìyá ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ. Bí ọmọ bá sì lọ, a ó ní omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ kí òfin di pé ẹni tí ó bá wù kó ṣẹ́ oyún tirẹ̀. A kò sì fara mọ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn tí ó wà fún ẹ̀mí ìyá. Ní ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò, tí oyún rẹ̀ kò tíì pé 120 ọjọ́, ó yẹ kí àwọn àáfà àti àwọn dókítà jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Ìyà tí ó ti jẹ tó; kí a má fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 kún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára òfin mọ nìyí. Àwọn olùwádìí Guttmacher àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà ṣírò pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 2012 nìkan tó 1,250,000. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ti wà nínú ìwé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Ẹ wo ọjà oògùn Ogbo Ogwu níbí. Ní oṣù kejì 2025, àjọ NAFDAC tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ayédèrú oògùn. Bí odidi ọjà bá ní láti wà ní títì kí a tó rí ayédèrú kó, ta ni yóò rí hóró oògùn tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 17 nínú yàrá ní òru?

Ẹ tún wo ẹni tí òfin náà dárúkọ: ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ, obìnrin náà, àti ẹni tí ó fún un ní oògùn. Ọkùnrin tí ó lóyún, tí ó sì sá lọ, kò sí níbẹ̀. Baba tí ó ju ẹrù ọmọ rẹ̀ síta kò sí níbẹ̀. Ní 2011, ọlọ́pàá rí ọmọbìnrin 32 tí wọ́n lóyún nínú ilé kan ní Aba, níbi tí wọ́n ti ń ta ọmọ tí wọ́n bá bí. Àwọn wọ̀nyí kò ṣẹ́ oyún o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé rẹ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn fún, kí ni yóò wá dé irú ibẹ̀?

Hádíìsì kan wà nínú ìwé Muslim tí ó yẹ kí a máa kà fún ara wa. Obìnrin kan láti inú ẹ̀yà Juhayna wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní òun ti ṣe àgbèrè, òun sì lóyún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pe alágbàtọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa ṣe dáadáa sí i títí yóò fi bímọ. Ìdájọ́ tí ó tẹ̀lé e ni gbogbo wa rántí. Àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn, tí a pa fún ará ilé rẹ̀, ni a gbàgbé.

Àwọn kan yóò ní bí a bá gba ọ̀kan mọ́ra, àwọn yòókù yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbèrè kò di ẹ̀tọ́ nítorí pé a fún aboyún ní oúnjẹ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni ó wà nílẹ̀. Ìtìjú wa ni ó ń sọ ọ́ di méjì. Àwa tí a wà ní àjò tún ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ará Ìbàdàn, Ìlọrin àti Òṣogbo yóò sọ. Ẹnu wọn kò lè wẹ ẹ̀jẹ̀ nù.

Ẹ̀yin baba, bí ọmọ bá sọ fún yín, ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá Àsàlátù lọ bá a jókòó, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú. Kí àwọn àgbà pe ọkùnrin náà síwájú, kí ó gbọ́ bùkátà. Bí dókítà bá sì ní ẹ̀mí ìyá wà nínú ewu, kí ọkọ má máa wá àáfà kiri kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí ó bá lè sọ fún ọmọ pé kó má ṣẹ́ ẹ, kí ó lè fi kún un pé, a ó bá ọ tọ́ ọ.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún wa ní àánú tí Ó fẹ́ kí a ní. Àmín.