Èdìdì Kò Lè Wẹ Inú Mọ́

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín ní oṣù yìí wà nínú Ìhìnrere Mátíù Mímọ́, orí 23, ẹsẹ 25 àti 26, níbi tí Olúwa wa gbé bá àwọn Farisí wí nítorí pé wọ́n ń fọ ẹ̀yìn ago, wọ́n sì ń fi inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú èérí. Ohun kékeré kan ni ó tún mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ọkàn wa: ṣílè kan ṣoṣo ni.

Ní Mayfair, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ inú ìlú Ilé-Ifẹ̀, ni a ti lọ kí bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì. Ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn oníṣòwò kún ìta, ṣùgbọ́n inú yàrá bàbá dákẹ́. Nígbà tí a gbàdúrà tán, wọ́n ní kí a dúró díẹ̀. Wọ́n wọ inú ilé lọ, wọ́n sì gbé ohun kan jáde tí a fi aṣọ funfun wé. Àpótí ike pẹlẹbẹ kan ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì mọ́ gaara bí gíláàsì. Láàárín rẹ̀ ni ṣílè fàdákà kan wà tí a rọ ní 1919, orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ní ojú kan, igi ọ̀pẹ ní ojú kejì. Bàbá tí ó bí wọn ni ó yà á sọ́tọ̀ láti inú owó oṣù àkọ́kọ́ tí ó gbà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ̀yin àgbà kò ní ṣàì rántí irú owó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú onínì oníhò, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́ àti sísì. Ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, ni ó ń pèsè wọn fún ilẹ̀ wa àti fún ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, àti fún Sàró àti Gáńbíà. Nígbà tí ṣílè bàbá jáde, fàdákà ni ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀, bàbà ni a sì fi lú ìyókù kí ó lè le. Láti 1920 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́, nítorí tí fàdákà wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973, Náírà àti Kọ́bọ̀ gba ipò owó ṣílè. Láti ìgbà náà, kò sí ọjà tí a lè ná ṣílè náà. Ìrántí nìkan ni ó kù.

Ọmọ-ọmọ bàbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó mú un lọ sí òkè òkun. Ní ilẹ̀ náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ owó àtijọ́ wò. Àwọn méjì tí òkìkí wọn kàn jùlọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986 àti 1987. Bí wọ́n bá ti rí i dájú pé owó náà kì í ṣe ayédèrú, wọ́n a fún un ní nọ́ńbà, láti orí 1 títí dé 70, gẹ́gẹ́ bí ẹwà ojú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a tẹ́ ẹ sáàárín ike líle méjì, wọ́n a sì fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ mú etí ike méjèèjì yọ́ mọ́ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè ṣí i láìfọ́ ọ. Nọ́ńbà 63 ni ṣílè bàbá gbà. Ayọ̀ wọn pọ̀ ní ọjọ́ tí ó padà dé. Gbogbo àlejò ni wọ́n ń fi hàn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a dé ibẹ̀, ojú bàbá kò dùn. Wọ́n ní, “Alàgbà, ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀pẹ yìí.” A wò ó. Àbàwọ́n aláwọ̀ ewé ni a rí, ó ń dán bí ìtọ́ ìgbín, ó sì ti ń tàn kálẹ̀. Bàbá tún wí pé, “Ọwọ́ kò kàn án. Omi kò kàn án. A kò ṣí i láti ìgbà tí ó ti dé. Níbo ni ìpáàrà ti gbà wọlé?”

Ará, àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó bí wa. Wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ìpáàrà náà kò gba ibì kankan wọlé. Wọ́n ti dì í mọ́ owó náà ni. Kí ó tó lọ sí òkè òkun, ṣílè náà ti lo ọdún púpọ̀ nínú àpò ọ̀rá rírọ̀ kan, irú èyí tí a fi ike tí ń jẹ́ PVC ṣe. Òróró kan wà tí a ń pò mọ́ ike náà kí ó lè rọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ooru sì ń mú, òróró náà a máa jáde wá, a sì máa lẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà nínú àpò. Ike náà fúnra rẹ̀ a sì máa bàjẹ́ di ásíìdì. Bàbà tí a lú mọ́ fàdákà ni ásíìdì náà kọ́kọ́ ń jẹ, òun ni ó sì ń yọ àwọ̀ ewé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú olùyẹ̀wò pàápàá lè fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún un ní nọ́ńbà, tí a sì fi èdìdì dì í, tòun ti ohun tí ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí. Èdìdì a máa dènà ọwọ́ tí ó wà lóde, ṣùgbọ́n kò lè wẹ ohun tí ó ti wà nínú. A mú àwọn ọmọ wa wá síwájú Bíṣọ́ọ̀bù fún ìgbọ́wọ́lé. A wọ aṣọ funfun fún wọn. A kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìjọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé ọmọ kan ń jalè, tí a kò bá a sọ ọ́ nítorí pé ó mọ Katikísìmù sórí, kí ni a ṣe bí kò ṣe pé a dì í pa pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀? Àwa àgbà ńkọ́? A fi oyè lé ara wa lórí nínú ìjọ, Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, tòun ti ìbínú tí a ti ń bá arákùnrin wa bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Àwa tí ń wọ aṣọ àlùfáà kò yọ ara wa sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sọ nínú Éfésù 1:13 pé a ti fi Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe èdìdì wa. Ṣùgbọ́n èdìdì Ẹ̀mí kò rí bí ti ike. Ike ń dúró lóde. Ẹ̀mí ń wọ inú lọ, ó ń wá èérí kiri, kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a bi bàbá pé kí ni ó kù tí a lè ṣe, wọ́n sọ fún wa pé ọmọ-ọmọ wọn ti ní ó ṣeé wẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí a fọ́ àpótí náà. Wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n sì wí pé, “Bí a bá fọ́ ọ, nọ́ńbà rẹ̀ ti lọ nìyẹn.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Owó tí ó bá jáde kúrò nínú àpótí rẹ̀ kò ní nọ́ńbà mọ́. Bí a bá sì tún gbé e lọ, èyí tí ó rẹlẹ̀ ni ó lè gbà. A dákẹ́ díẹ̀, a sì bi wọ́n pé, “Bàbá, èwo ni baba yín fi sílẹ̀ fún yín, ṣílè ni tàbí nọ́ńbà?”

Bàbá kò dáhùn. Àwa náà kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí tí ìbéèrè náà padà wá bá àwa tí a béèrè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí, òun ni ó sì le jù. Kì í ṣe pé a kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ wa. A mọ̀ ọ́n. Ohun tí ń dá wa dúró ni nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn fún wa. Bí olùtọ́jú owó ìjọ bá jẹ́wọ́ pé òun ti ná nínú owó náà, kí ni a ó máa pè é? Bí tíṣà bá sọ fún aya rẹ̀ ohun tí ó ti fi pamọ́, ojú wo ni yóò fi wò ó? Nítorí náà a ń gbé àpótí wa mọ́ àyà, a sì ń wo àbàwọ́n náà bí ó ti ń tàn. Ìjọ Sádísì ní orúkọ rere ní ìlú, ṣùgbọ́n Olúwa mọ̀ pé òkú ni. Ẹ ka Ìfihàn 3:1.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ náà wá sílé, bàbá fúnra wọn ni wọ́n ní kí ó fọ́ àpótí náà. Kò fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ṣílè náà bí a ti ń fọ àwo idẹ, nítorí pé irú ìfọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa bó ojú owó lọ pẹ̀lú èérí rẹ̀. Inú ásítóònù tí kò lábùlà ni ó rì í sí; ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Àwọ̀ ewé náà lọ. Ihò kékeré kan kù níbi tí ásíìdì ti jẹ, kò sì lè kún mọ́ títí ayé. A kò ní tàn yín, ará: Ọlọ́run ń dárí jì, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí a pẹ́ kí a tó jẹ́wọ́ a máa fi àpá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí àpótí rẹ̀ lónìí, àpá rẹ̀ yóò kéré sí ti ọ̀la.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà nítòsí wa. Bí a bá ti Mayfair gba Lágéré lọ sí Ẹnuwá, a ó dé ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní 1938 ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ níbi tí a ti ń wa ilẹ̀ láti kọ́ ilé. Àwọn tí ń tọ́jú idẹ àtijọ́ káàkiri ayé mọ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní àrùn idẹ. Idẹ tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ a máa fa iyọ̀ sára. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá sì kàn án, iyọ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́, a sì hu lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Bí a bá fi í sí ibi gbígbẹ, àrùn náà a sùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá tún dé, a jí. Nítorí náà, wọn kì í wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì gbàgbé. Wọn a wẹ̀ ẹ́ ní àwẹ̀túnwẹ̀, wọn a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń sùn nínú wa ní ọjọ́ ìdẹ̀rùn, a sì rò pé ó ti kú. Ìdí nìyí tí Ìjọ wa fi fi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sínú ìsìn Òwúrọ̀ àti ti Alẹ́. Ẹ má ṣe máa kà á lórí ahọ́n nìkan.

Ní báyìí, inú àpótí kékeré kan tí a lè ṣí ni ṣílè bàbá wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ láti wò ó. Wọn kò tún wá nọ́ńbà fún un mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ìwọ tí ó mọ ohun tí a dì mọ́ inú wa, fún wa ní ìgboyà láti ṣí ara wa sílẹ̀ níwájú rẹ, kí ìyìn ènìyàn má ṣe ṣe iyebíye lójú wa ju ìwẹ̀nùmọ́ rẹ lọ. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.