Ọjọ́ Tí A Dá Fún Onílé

Ní Alajue, ní Ẹdẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn baba wa ń mọ ilé amọ̀. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí wọn tó gbé òmíràn lé e. Síbẹ̀ wọ́n ní láti fi bẹẹrẹ bo ilé kí òjò tó dé. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, tí amọ̀ kò gbẹ, ǹjẹ́ mọlémọlé tí ó dúró jẹ̀bi? Àwa rò pé kò jẹ̀bi ní ti dídúró. Ọjọ́ tí ó ṣe ìlérí ni kí a wò: ó ka ọjọ́ iṣẹ́, kò ka ọjọ́ gbígbẹ. Olúwa wa ní kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Àwa rò pé ọjọ́ wà nínú ìṣírò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti pẹ́, tí kò sọ fún onílé títí ojú ọ̀run fi ṣú, àwa kò lè gbèjà rẹ̀.