Ẹṣin Iwájú Létí Ọ̀gbun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún òwe yìí ni pé ìwà aṣáájú ni àwòkọ́ṣe ọmọlẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Grand Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ọ̀gbun ńlá tí odò Colorado gbẹ́ sínú àpáta, fi ìtumọ̀ mìíràn kún un.

Ọ̀nà Bright Angel sọ̀ kalẹ̀ láti òkè níhà gúúsù, níbi tí igbó igi páìnì wà, dé ilẹ̀ gbígbẹ tó móoru létí odò, tó fi ohun tó lé ní 1,300 mítà rẹlẹ̀ sí òkè náà. Ọ̀nà yìí há, ó sì rí kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà ni ẹṣin àti ìbaaka, ìyẹn ọmọ tí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti abo ẹṣin bí, ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹranko tí ń rìn lágbo ni ẹṣin: bí ti iwájú bá na etí, tó sì dúró, ti ẹ̀yìn yóò dúró. Ẹni tó wà lórí gàárì kò gbọdọ̀ fa ìjánu le jù, kí ẹran náà lè rí àyè fi orí àti ọrùn gbé ara rẹ̀ dúró lórí òkúta.

Nítorí náà, eré nìkan kọ́ ni ẹṣin ẹ̀yìn ń kọ́. Ó ń kọ́ ìdúró pẹ̀lú. Létí ọ̀gbun, aṣáájú tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun sáré ni aṣáájú tòótọ́.