Gbèsè Ẹni Tí Ó Mọ̀
Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí wá ni gbèsè tí ẹni tí ó mọ òtítọ́ jẹ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n? Dom Phillips, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi Bràsíìlì ṣe ilé, wádìí bí àwọn ọlọ́sìn ṣe ń sun igbó Amásónì di pápá ìjẹko, tí wọ́n sì ń da màlúù láti oko dé oko títí orísun rẹ̀ yóò fi fara sin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n yìnbọn pa òun àti Bruno Pereira, amòye nípa àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Bràsíìlì tí wọ́n jọ rìnrìn àjò, lẹ́bàá odò Itaquaí. Àwọn kan ní ó kú ikú òfò. Èmi kò gbà, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n parí ìwé tí ó ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí ó kú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2025.