Mọ̀jà Mọ̀sá Nídìí Ọpọ́n

Mọ̀jà mọ̀sá là ń mọ akínkanjú; akínkanjú tó bá mọ̀jà tí kò mọ̀sá, á bá ogun lọ. Àwọn kan máa ń fi òwe yìí gbè lẹ́yìn ojo, bí ẹni pé sísá ni àwọn àgbà ń yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà ni òwe kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí kò lè jà kò ní ìsá kankan tí à bá yìn. Ìbẹ̀rù ló ń tì í kiri. Ẹni tí apá rẹ̀ ká ìjà ni òwe ń bá wí, pé kó mọ ìgbà tí ìjà kò yẹ.

Àwa ará Ọ̀bà-Ilé kò ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀rí. Nígbà tí Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870, Ògèdèngbé, jagunjagun Iléṣà, sá àsálà. Ìta-Ògbólú, tí òun àti Ọ̀bà-Ilé jọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ lónìí, ló wá fi ṣe ibùdó. Ká ní ó dúró kú sí Iléṣà ni, wọn ì bá fi orin kì í, ṣùgbọ́n Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, kì bá rí i pè nígbà tí ogun Kírìjí gbóná. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun, Ìbàdàn kò sì rí wọn ṣẹ́ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886.

Ibi tí mo ti rí òwe yìí kedere jù ni ìdí ayò. Ihò 12 ló wà lára ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Bí ọmọ tí a fi parí bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, a jẹ wọ́n, pẹ̀lú ti àwọn ihò tó ṣáájú rẹ̀ tí àwọn náà di 2 tàbí 3 láìdá. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Ẹni tó ń kọ́ ayò tètè máa ń mọ jíjẹ. Ohun tí kì í tètè rí ni pé ihò tirẹ̀ tó ní ọmọ 1 tàbí 2 ni ẹnìkejì ń ṣọ́. Ó lè sáré jẹ ọmọ 2, kó sì fi ihò mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títa ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnìkejì yóò fi kó 9.

Ìsá inú ayò ni pé kí a kó ọmọ kúrò ní ihò tí ewu wà, tàbí kí a fi kún un kó lé ní 2, tàbí kí a fi sùúrù kó ọmọ jọ sí ihò kan, tí à ń pè ní odù, títí yóò fi tó yí ọpọ́n po. Gbogbo wa la mọ èyí nígbà tí ara bá rọ̀ wá. Ṣùgbọ́n tí òǹwòran bá yí ọpọ́n ká, tí wọ́n ń pè wá ní ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta, ìmọ̀ a fò lọ, ìtìjú a gba ọwọ́ wa ta á. Òwe ti rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Kò fi ìdájọ́ akínkanjú lé òǹwòran lọ́wọ́. Ogun fúnra rẹ̀ ló fi ṣe adájọ́.

Àwọn tó ń ta backgammon, eré ọlọ́pọ́n tí wọ́n ń fi dáìsì ta, ti fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yìí. Paul Magriel, olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, kọ́ wọn nínú ìwé tó ṣe ní 1976 pé bí ilé ẹnìkejì bá le, kí a rọra. Bí a bá ti ní ibi ààbò nínú ilé rẹ̀, kí a gbójú. Láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n sì ti fi dáìsì kan kún un ní New York, èyí tí ẹni tó ń borí lè fi ní kí owó di ìlọ́po méjì. Ẹnìkejì lè gbà, ó sì lè kọ̀ kó san owó àkọ́kọ́. Ká ní ₦1,000 ni owó náà. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin pàdánù ₦4,000. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀mẹrin, tó borí lẹ́ẹ̀kan, pàdánù ₦6,000, ó jẹ ₦2,000: ₦4,000 náà ni. Nítorí náà, bí ìrètí rẹ kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin, sá. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, dúró jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó o pàdánù. Ìdajì kejì yìí ni ojo kì í fẹ́ gbọ́.

Nídìí ayò, ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dé ọwọ́ àfi tí a bá ń bi ara wa ní ìbéèrè kan náà kí a tó ta, nígbà gbogbo: èwo nínú ihò ẹnìkejì ló lè dé ọ̀dọ̀ mi? Kí a kà á tán kí a tó jẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sì nìyí sí àwa òǹwòran. Bí ọmọdé kan bá rí ọmọ ayò 2 tó lè jẹ, tó fi í sílẹ̀ kó lè gba ilé ara rẹ̀ là, ẹ má pè é ní ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí á ka ọmọ ayò ní ìparí ná.